Fixed deposit: ọdún ni wọ́n fi ń pe èlé, ọjọ́ ni wọ́n fi ń san án

Owó tí a fi pamọ́ sí báńkì fún ìgbà pàtó, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí fixed deposit, kò ṣòro láti ṣàlàyé: olówó gbà pé òun kò ní fọwọ́ kan owó náà títí di ọjọ́ kan, báńkì sì gbà láti san èlé tí wọ́n ti jọ fẹnu kò lé lórí. Iye èlé yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ṣì kà.

Bí ìwé àdéhùn bá sọ pé èlé jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó fi 100,000 pamọ́ fún 90 ọjọ́ lè máa retí 12,000, kí ó sì pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ nígbà tó bá rí nǹkan bí 2,959. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Odidi ọdún ló ni 12,000. Bí a bá pín in sí 365, ọjọ́ kan á gba 32.88, ọjọ́ 90 péré ni owó náà sì fi ṣiṣẹ́. Alágbàṣe tí a bá dá owó iṣẹ́ ọdún kan fún, tó wá ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta, owó oṣù mẹ́ta ni yóò gbà. Bí ẹ̀bi bá wà lọ́rùn báńkì, kò ju pé lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi ń kọ 12, tí “lọ́dún” á wá kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

Ìgbà tí 90 ọjọ́ bá pé ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Alágbàṣe yìí lè kó owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé, kí ó sì dá nìkan padà sóko. Ó sì lè fi owó náà gba ọmọṣẹ́ kékeré kan, tí òun náà á máa gba owó iṣẹ́, tí á sì máa fi gba ọmọṣẹ́ tirẹ̀, títí oko á fi kún. Èlé orí èlé nìyẹn. Bí a bá ń fi èlé kún ojú owó ní gbogbo 90 ọjọ́, nígbà mẹ́rin, 100,000 yóò di nǹkan bí 112,371. Bí a bá ń yọ èlé sọ́tọ̀, àpapọ̀ ojú owó àti èlé á jẹ́ 111,836. Ìyàtọ̀ tí kò tó 540 ni, àwọn ènìyàn sì ń fojú di í. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi èlé kún un lọ́dọọdún fún ọdún 20, tí ìdá 12 náà kò sì yí padà, yóò di 964,629, nígbà tí ẹni tó ń yọ èlé tirẹ̀ sọ́tọ̀ yóò ní 340,000 lápapọ̀. Ìṣirò yìí kò tíì yọ owó orí, kò sì sọ ohun tí owó náà yóò lè rà, nítorí bí ọjà bá ń gbówó lórí ju ìdá 12 lọ lọ́dún, owó á máa pọ̀ níye, agbára rẹ̀ á sì máa dínkù.

Ẹni tó bá já àdéhùn kí ọjọ́ tó pé sábà máa ń pàdánù nínú èlé rẹ̀, torí pé báńkì ti gbé owó náà yá ẹlòmíràn. Ohun tó yẹ kí a fẹ̀sọ̀ kà jù ni ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí ọjọ́ bá pé: kí wọ́n dá gbogbo owó padà, kí wọ́n tún ojú owó nìkan fi pamọ́, tàbí kí wọ́n tún ojú owó àti èlé fi pamọ́. Bí a kò bá mú ọ̀kan, ọ̀pọ̀ báńkì á fúnra wọn tún un ṣe, ní iye èlé tó bá wà lóde lọ́jọ́ náà, ì báà kéré sí ti tẹ́lẹ̀, a ó sì tún tìlẹ̀kùn mọ́ owó fún 90 ọjọ́ mìíràn.