Ọkọ̀ Ojú Irin Kì Í Yà fún Èèyàn: Ẹ Gun Afárá

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tó wà létí ìlú, ìbéèrè méjì péré ni àwọn èèyàn ń bi mí. Èkíní, aago mélòó ni ọkọ̀ ń dé? Èkejì, kí ló dé tí a fi ní kí àwọn gun afárá, nígbà tí pèpéle kejì wà níbẹ̀ yẹn, tí àwọn ń fojú rí i? Ti àkọ́kọ́, ẹ wo pátákó. Èkejì ni mo jókòó tì lónìí, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gé wáyà tí a fi sé ojú irin mọ́. Ojú kan náà sì ni wọ́n ń gé, níbi tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà gan-an.

Ọdún kọkànlélógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ìdí sígínà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ààbò èrò ni mò ń bójú tó báyìí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé wọ́n ń fi ojú mọ́tò wo ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n gbà pé bí dírẹ́bà bá ti rí àwọn, yóò tẹ búrèkì. Yóò tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí dírẹ́bà tó rí yín, kó tó dá a lójú pé èèyàn ni, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan búrèkì, mítà 28 ti lọ. Ká wá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń yọ mítà kan kúrò nínú eré yẹn. Ìṣẹ́jú àáyá 28 ni yóò gbà á kó tó dúró, yóò sì ti rin nǹkan bíi mítà 390 sí i. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí a tò tẹ̀ léra.

Wọ́n á ní kí ni kò jẹ́ kí a wá búrèkì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búrèkì kọ́ ló kéré. Rọ́bà ni táyà mọ́tò, ó ń di ọ̀dà mú. Ti ọkọ̀ ojú irin, irin lórí irin ni. Ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti kan ojú irin kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Orí ojú kíún-kíún bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó lè wúwo ju 300 tọ́ọ̀nù lọ dúró lé. Bí òjò bá rọ̀, tàbí tí ewé bá lẹ̀ mọ́ irin, ó tún ń yọ̀ sí i. Bí dírẹ́bà bá wá fi agbára tẹ̀ ẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á gan, kò ní yí mọ́, ọkọ̀ á kàn máa yọ̀ lọ ni. Kò sì sí sítíárìn tí yóò fi yà fún yín.

Àwọn kan ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, wọ́n ní àwọn ò sáà tẹ orí rẹ̀. Àlàfo àárín irin méjèèjì, lórí ọ̀pọ̀ ojú irin ayé, jẹ́ mílímítà 1435. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ẹ yọ ọ́ nínú ara wọn, kí ẹ pín ìyókù sí méjì. Ọkọ̀ yọ jáde ju irin lọ ní ohun tó lé ní 70 sẹ̀ǹtímítà, lọ́tùn-ún àti lósì. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, inú ọkọ̀ lẹ wà.

Àgbà ọkùnrin kan máa ń kọ́ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n fi etí lé irin, bí wọn ò bá gbọ́ nǹkan, kí wọ́n sọdá. Ó ń fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti ṣe é láti kékeré. Òótọ́ ni pé ohùn ń sáré nínú irin ju inú afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 15. Àmọ́ irin tó mọ̀ ní kékeré ní oríkèé, ọkọ̀ a máa lù ú gbà-gà, gbà-gà. Ti òde òní, a ti jó o pọ̀ di ẹyọ kan gbọọrọ, a sì fi rọ́bà sábẹ́ rẹ̀ kó má baà máa gbọ̀n. Ọkọ̀ oníná mànàmáná kò tún pariwo bí ti àtijọ́. Kí bàbá jọ̀wọ́ dákẹ́. Orí ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbé lé irin yẹn.

Ojú náà ń purọ́. Ẹ wo bàálù ńlá tó fẹ́ balẹ̀, bíi pé ó ń rọra rá pálá ní òfuurufú ni, bẹ́ẹ̀ eré burúkú ló ń sá. Bí nǹkan bá ti tóbi tó ni ojú ń rò pé kò yára. Bákan náà ni ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹlòmíràn tún ń ta òrùka fún àwọn tó ń sọdá, ó ní irin ń béèrè ẹ̀jẹ̀, pé òrùka òun ni kò ní jẹ́ kó béèrè tiwọn. Inú bí mi dé gógó ọrùn. Irin ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 15 oṣù kẹsàn-án 1830, ọjọ́ tí wọ́n ṣí rélùwéè Liverpool sí Manchester ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ dúró ní Parkside láti pọnmi. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀. William Huskisson, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, sọ̀ kalẹ̀, ó lọ kí Duke of Wellington tó jẹ́ olórí ìjọba. Ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní Rocket, yọ lórí irin kejì. Huskisson dì mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ Duke, ilẹ̀kùn náà ṣí gbé e jáde síwájú Rocket, ó sì run ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Ìkìlọ̀ tí wọn ò gbọ́ ló fà á, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí irin béèrè níbẹ̀.

Àtẹ̀gùn afárá wa jẹ́ 54, mo ti kà á. Lífìtì wà fún àgbàlagbà, aláboyún àti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ.

Ní ibùdókọ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣáájú èyí, fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin kan já sórí irin kejì. Ọkọ̀ kan wà ní irin kìíní tó ń já èrò. Ó ní sùúrù, ó dúró kí ìyẹn lọ. Bí ìdí rẹ̀ ti kọjá báyìí ló bẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ láti òdìkejì. Èyí tó ń lọ ti bò ó mọ́ ọn lójú, ariwo rẹ̀ sì bo tirẹ̀. Mo ké pé, "Àbúrò, padà!" Ó nawọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, mi ò ní pẹ́!" Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ fèrè. Ó fò sẹ́yìn, báàgì èjìká rẹ̀ ni ọkọ̀ gbà lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan, kò lè sọ̀rọ̀. Dírẹ́bà rò pé òun ti pa á. Èmi ni mo lọ mú un sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Mo tẹ búrèkì, ọ̀gá. Mo tẹ̀ ẹ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè wa ọkọ̀.

Ọ̀pá gígùn kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, ó ní ẹnu bí ẹ̀mú. Bí nǹkan yín bá já sórí irin, ẹ pe ẹnikẹ́ni nínú wa tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò. A ó kọ́kọ́ pe àwọn tó ń darí ọkọ̀ kí wọ́n dá wọn dúró, a ó sì fi ọ̀pá náà mú un wá fún yín lórí pèpéle.