Bí Ilẹ̀kùn Ọkàn Ṣe Ń Há Díẹ̀díẹ̀

Ìyá ẹni 70 ọdún kan máa ń ti Ọjà Ọba gun òkè Mápó láìdúró. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́ẹ̀kan kó tó dókè. Lọ́dún kejì, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn ọmọ ní, “Màámi, àgbà ló dé, ẹ máa rọra.” Ìyá gbé àtẹ rẹ̀ wá síwájú ilé, kò gun òkè mọ́, ó sì dà bíi pé mímí rẹ̀ ti sàn. Abẹ́ ọ̀rọ̀ “àgbà ló dé” yìí gan-an ni àrùn ilẹ̀kùn ọkàn máa ń sá pamọ́ sí.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, bíi fáàfù inú ẹ̀rọ tó ń fa omi: kí ẹ̀jẹ̀ lọ síwájú, kó má padà sẹ́yìn. Èyí tí à ń sọ wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kúrò ní yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì bọ́ sínú aorta, iṣan ńlá tó ń pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Awẹ́ mẹ́ta ni ilẹ̀kùn náà, ó fẹ́lẹ́ bí awọ inú èèpo ẹyin. Nǹkan bí ìgbà 100,000 ló ń ṣí tó ń tì lójúmọ́. Ẹnu rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó 3 sí 4 cm². Bí kò bá tó 1 cm² mọ́, ìyẹn nǹkan bí èékánná ọmọńdinrín, ó ti le nìyẹn.

Kí ló ń mú un há? Láàrin àwọn àgbàlagbà, kálísíọ́mù ni. Ẹni tó bá ń fi kẹ́tùlù se omi kànga mọ funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, tí kànrìnkàn kì í ká. Irú rẹ̀ ló ń gbá jọ sára awẹ́ ilẹ̀kùn títí yóò fi le gbagidi. Omi tàbí wàrà téèyàn mu kọ́ ló fà á o. Inú ara ilẹ̀kùn náà ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan sì wà, nǹkan bí ẹnì kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n bí pẹ̀lú awẹ́ méjì dípò mẹ́ta. Tiwọn máa ń tètè há.

Èyí tó yẹ kó ká òbí lára jù ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun. Ọmọ tó wà láàrin ọdún 5 sí 15 á ní ọ̀fun ń dun òun, ẹ̀kọ kò ní ṣeé gbé mì. Wọ́n á fún un ní parasitamọ́ọ̀, ibà á lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, orúnkún á wú, ó sì lè fò lọ sí ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á ní làkúrègbé ni. Bó bá jẹ́ kòkòrò Streptococcus ló wà lọ́fun náà, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara tó dìde sí i ti ṣi ilẹ̀kùn ọkàn pè lọ́tàá. Awẹ́ á gbọgbẹ́, á lápàá, á lẹ̀ mọ́ra. Ilẹ̀kùn mìíràn, mitral, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, àmọ́ ti aorta náà kì í yọ nínú ewu. Pẹnisílìnì tí dókítà kọ, tí ọmọ lò pé, nígbà tí ọ̀fun ṣì ń dùn, lè dá gbogbo èyí dúró.

Ọkàn kì í yára juwọ́ sílẹ̀. Ògiri yàrá rẹ̀ á máa nípọn bí apá alábàárù ọjà Bódìjà, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá láìsí àmì kankan. Àmọ́ ògiri tó nípọn ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, èyí tó ń rí kò sì ká a: àyà á máa fún èèyàn bó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń gun òkè, iṣan ẹsẹ̀ á ṣí sílẹ̀, á béèrè ẹ̀jẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn tó há kò sì ní rí i fún un. Òòyì á kọ́ ọ, ó lè dákú. Àwọn tó wà n’Íbàdàn lọ́dún 1980 rí ohun tí Ògùnpa ṣe nígbà tí pàǹtírí dí ojú ọ̀nà omi: ilé onílé ló ya wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè jáde ṣe ń padà sí ẹ̀dọ̀fóró, tí omi á máa jò sínú rẹ̀, tí ẹni náà á fi máa to ìrọ̀rí mẹ́ta kó tó lè sùn. Bí àmì wọ̀nyí bá ti dé, tí wọn kò sì tún ilẹ̀kùn ṣe, ọdún 2 sí 5 ló sábà ń kù.

Ìdí nìyí tí “Ṣé ẹ ń mí dáadáa?” kò fi tó bi ìyá yẹn. Ohun tó yẹ ká bi í ni pé, “Kí lẹ ń ṣe lọ́dún tó kọjá tẹ́ ò ṣe mọ́?”

Etí ni dókítà fi ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọkàn tó dá ń dún kì-tì, kì-tì. Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ há á fi hùùṣ sáàrin méjèèjì, bí omi tó ń gba ẹnu rọ́bà tí wọ́n fi àtàǹpàkò dí. Lẹ́yìn náà ni echo, irú àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún, tí wọ́n ń ṣe ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n’Íbàdàn. Ó ń wọn eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá: mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti burú.

Kò sí oògùn tàbí àgbo tó ń ṣí ilẹ̀kùn yìí. Pípààrọ̀ ni. Wọ́n lè la àyà. Láti 2002, tí dókítà ọkàn Alain Cribier kọ́kọ́ ṣe é ní Rouen nílẹ̀ Faransé, wọ́n tún lè gba iṣan itan gbé tuntun wọlé. Èyí tí wọ́n fi awọ tó bo ọkàn màlúù tàbí ilẹ̀kùn ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ ṣe máa ń gbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èyí tí kì í ṣe ara ẹran, tó le bí irin, ń pẹ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́ ọn, nítorí náà warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ni lójoojúmọ́ títí ayé. Ẹ̀fọ́ tútù bíi tẹ̀tẹ̀ ń tako oògùn náà. Kì í ṣe kéèyàn má jẹ ẹ́, kí ìwọ̀n rẹ̀ má ṣáà máa yí bìrí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ léwu ju ẹ̀fọ́ lọ. Lóru, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́, ẹni tó ní ilẹ̀kùn tó le bí irin yẹn lè máa gbọ́ ọ láyà ara rẹ̀ bó ṣe ń tì, kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, bí aago ara ògiri.