Tẹ́ǹtì èèyàn mẹ́rin tí kò gba èèyàn mẹ́rin: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí háyà ẹrù camping

Àtìgbà tí mo ti gbé fọ́tò wa sórí status, pẹ̀lú tẹ́ǹtì àti iná ìdáná lẹ́yìn wa, ìbéèrè ò jẹ́ kí n rímú mí. Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn papọ̀. Atlanta ní Georgia là ń gbé, Great Smoky Mountains tí wọ́n ń pè ní Smokies la lọ sùn sínú tẹ́ǹtì, níbi tí Tennessee àti North Carolina ti pààlà, Friday sí Sunday nínú May, a sì gbọ̀n. Mọ́tò la gbé lọ, ẹ̀gbẹ́ tẹ́ǹtì gan-an la sì páàkì ẹ̀ sí, torí náà ẹ má rò pé a di ẹrù sẹ́yìn rin igbó kìjikìji o, mi ò lágbára yẹn. Ẹrù tá a lò, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, háyà la háyà ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kí lẹ gbàgbé sínú igbó?

Ẹ̀rín pa mí. Màmá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ṣé lándíọ́ọ̀dù lé wa jáde ni. Àwọn ọmọ ló gbọ́ ọ nílé ìwé, wọ́n ní gbogbo ọ̀rẹ́ àwọn ló ti lọ, ni mo bá ní ó dáa. Ìdí ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ṣebí Walmart ń ta tẹ́ǹtì, kí lẹ ṣe ń náwó sórí nǹkan tẹ́ ẹ máa dá padà?

Ẹni tó fẹ́ ṣe ìkómọ, ṣé ó máa ń lọ ra kánópì àti igba àga ni? Ó máa háyà ẹ̀ ni, torí tí wọ́n bá jẹun tán tí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ, ibo ló fẹ́ kó wọn sí? Bákan náà lọ̀rọ̀ yìí rí. Yàrá méjì la ní, kọ́bọ́ọ̀dù wa ti kún fún gèlè àti ẹrù tá a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé láti ọdún tó kọjá, tẹ́ǹtì ńlá ò ríbi wọ̀. Ẹ ò sì tíì mọ̀ bóyá ẹ̀yin àti igbó máa bára yín rẹ́, ó lè jẹ́ alẹ́ àkọ́kọ́ náà lẹ máa ní ẹ ò ṣe mọ́. Tẹ́ǹtì pọ́ọ́kú wà lóòótọ́ o, àmọ́ òjò tó ń rọ̀ ní Smokies lọ́dún kan tó ínǹṣì 55 nísàlẹ̀, lórí òkè ó ń lọ sí 85, tẹ́ǹtì pọ́ọ́kú kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò yẹn, ojú ìrán ẹ̀ lomi á ti máa wọlé wá bá yín.

Ìṣirò tèmi ni pé tí owó háyà ẹ̀ẹ̀kan bá ti ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n ń ta nǹkan yẹn, tó sì dá yín lójú pé ẹ máa tún lọ láàárín ọdún, ẹ rà á, ẹ yéé háyà. Àwọn nǹkan bí ìkòkò, ṣíbí, kúlà, tọ́ọ̀ṣì, ẹ kó ti ilé yín jàre.

Ìbéèrè: Níbo lèèyàn ti ń háyà ẹ̀?

REI lorúkọ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Lloyd àti Mary Anderson, tọkọtaya kan tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa gun òkè ní Seattle, làwọn àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn dá a sílẹ̀ ní 1938 kí irinṣẹ́ lè dín lówó fún wọn, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, irú èyí táwọn tíṣà máa ń dá nílé. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn ló ń háyà nǹkan o, ẹ pe èyí tó wà nítòsí yín kẹ́ ẹ tó gbéra. Yunifásítì ńlá ńlá náà sábà máa ń ní ibi tí wọ́n ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù, owó ẹ̀ sì máa ń ṣe jẹ́jẹ́, tẹ́ ẹ bá ní ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ ní kó lọ bèèrè. Ẹni tó bá ní ṣọ́jà nínú ẹbí tún ti rọ́nà, torí ọ̀pọ̀ bárékè ló ní ibi tí ṣọ́jà àti ìdílé ẹ̀ ti lè háyà tẹ́ǹtì, sítóòfù, àní ọkọ̀ ojú omi.

Ìbéèrè: Àwa mẹ́rin ni, mo sì rí tẹ́ǹtì tí wọ́n kọ 4 sí lára. Ṣé ó máa gbà wá?

Ibi tí wọ́n ti mú èmi gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀. Nọ́mbà yẹn ń sọ iye èèyàn tó lè nà sílẹ̀ kí ilẹ̀kùn ṣì pa dé, kò sọ pé wọ́n á lè yíra padà. Fóòmù pẹlẹbẹ tí ẹnì kan ń sùn lé lórí, nǹkan bí ínǹṣì 20 ni fífẹ̀ ẹ̀, àwọn tó ń ṣe tẹ́ǹtì á wá to mẹ́rin síra bíi sàdíìnì, 80 nìyẹn, ó parí, wọ́n á kọ 4 sí i. Àyè báàgì ò sí níbẹ̀, àyè bàtà ò sí, ọmọ tó máa ń ta ìpá lójú oorun ò sì sí nínú ìṣirò wọn. Tẹ́ ẹ bá wá gbé bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ ti queen wọbẹ̀, ìyẹn nìkan ti gba ínǹṣì 60, tẹ́ǹtì tó bá sì fẹ̀ tó fíìtì 7, ínǹṣì 84 ni, ó wá ku 24, ẹ wá bá mi wá ibi tọ́mọ méjì fẹ́ sùn.

Torí náà, ẹ yọ méjì kúrò nínú nọ́mbà tí wọ́n bá kọ. Mẹ́fà fún èèyàn mẹ́rin, mẹ́rin fún tọkọtaya. Ẹni tó bá gbé face-me-I-face-you rí lè ní òun á fara dà á, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ìgúnpá ọmọ mi bá mi lójú ní aago méjì òru ni mo dákẹ́.

Kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tú u sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má tijú. Ẹ ka èèkàn, ẹ ka ọ̀pá, ẹ wò ó bóyá aṣọ òjò tí wọ́n máa ń dà bo orí ẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ fún wa ní èèkàn márùn-ún fún tẹ́ǹtì tó ń gba èèkàn méjìlá, òkúta la fi tẹ ìyókù mọ́lẹ̀, atẹ́gùn kan fẹ́ báyìí, gbogbo ẹ̀ ká wọ̀ wá lórí.

Ìbéèrè: Sleeping bag tí mo rí, wọ́n kọ 20 sí i, bẹ́ẹ̀ dìgírì 35 ni wọ́n ní ojú ọjọ́ máa jẹ́ lálẹ́, Fahrenheit ni o. Ṣé ìyẹn ò ti ju tó lọ?

Ó lè má tó o. Sleeping bag yìí, àpò tí èèyàn ń wọnú ẹ̀ lọ sùn, nọ́mbà méjì ló máa ń ní, àmọ́ ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń kọ gàdàgbà síta. Wọ́n máa ń gbé ère kan tó ń mú ooru jáde bí ara èèyàn sínú ẹ̀ láti fi dán an wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí nọ́mbà tí wọ́n ń pè ní comfort àti èyí tí wọ́n ń pè ní lower limit. Comfort ni ibi tí obìnrin lè nà gbalaja sí kó sì sùn láìgbọ̀n. Lower limit ni ti ọkùnrin tó ká kò bí ìgbín sínú ẹ̀, tó kàn ń rọ́jú di ilẹ̀ mọ́. Ó sábà máa ń tó dìgírì 10 tí ọ̀kan fi yàtọ̀ sí èkejì, gàdàgbà tẹ́ ẹ sì rí níta yẹn, ti ọkùnrin tó ká kò ló sábà máa ń jẹ́. Comfort ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Àwa tá a wá láti ibi tí oòrùn ti ń pa orí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi bíi 10 mìíràn lé e kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún yín lórí káńtà: nígbà tí wọ́n ń dán an wò, fóòmù wà lábẹ́ ère yẹn, ère yẹn sì wọṣọ.

Ìbéèrè: Ẹ ní ẹ gbọ̀n nínú May. May wo? Nínú Georgia táà ń fọwọ́ nu òógùn yìí?

Orí òkè ni o, kì í ṣe Georgia. Gatlinburg tó wà lẹ́sẹ̀ òkè yẹn, dìgírì 50 ló sábà máa ń já sí lóru nínú May, ìyẹn 10 tẹ́ ẹ bá ń fi Celsius kà á, ọyẹ́ Ìbàdàn gan-an kì í sábà tutù tóyẹn. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń gun òkè lọ ló tún ń lọ sílẹ̀ sí i, ìsàlẹ̀ àti orí òkè lè fi dìgírì 10 sí 20 yàtọ̀ síra lọ́jọ́ kan náà.

Ní àkọ́lọ wa, mo ní kí n má háyà fóòmù, mo ní kí ni wọ́n ń fi pẹlẹbẹ yẹn ṣe, mo gbé bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ tí àlejò máa ń sùn sí nílé, mo kó dúfẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lé e, mo ní a ti dé ọ̀run. Nígbà tó di aago mẹ́ta òru, ẹ̀yìn mi bí ẹní wà nínú fìríìsà, àyà mi ń gbóná, ẹ̀yìn mi ń dì. Ọkọ mi ní kí n tún fi dúfẹ́ẹ̀tì kan sí i lókè, a fi sí i, kò yí nǹkan kan padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ilẹ̀ ló ń fa ooru ara wa, kì í ṣe atẹ́gùn òkè. Inú bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣófo, atẹ́gùn ló wà níbẹ̀, atẹ́gùn yẹn ò sì dúró sójú kan, tí ara yín bá ti mú un gbóná tán á lọ kó ooru ẹ̀ fún ilẹ̀ nísàlẹ̀, á tún padà wá gba òmíì. Sleeping bag náà ò lè gbà yín, torí apá tẹ́ ẹ sùn lé ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, bẹ́ẹ̀ wíwú tó wú ló ń gbé ooru dúró. Ẹni tó bá tẹ́ ẹní sórí sìmẹ́ǹtì lásìkò ọyẹ́ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Fóòmù pẹlẹbẹ tí mo fojú di yẹn, òun ló ń dènà ilẹ̀. Nọ́mbà kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní R-value, nọ́mbà yìí nìkan ni mo fọkàn tán nínú gbogbo ẹ̀ torí bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa móoru tó, ẹnu wọn sì ti kò lórí bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ lásán ò sábà ju 1 lọ. Ìgbà ooru pátápátá, 1 sí 2 ti tó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ nínú April, May tàbí October, ẹ wá 3 tàbí 4.

Tí wọ́n bá ti mú yín lóru bíi tèmi, ẹ fa dúfẹ́ẹ̀tì òkè wá sábẹ́. Ohun tó gbà wá lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, àwọn ọmọ ní tiwọn ti sá wọnú mọ́tò.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ní owó háyà wíkẹ́ẹ̀ǹdì, ọjọ́ mélòó ni?

Ẹ bi wọ́n bóyá alẹ́ ni wọ́n ń kà àbí ọjọ́. Ibòmíì, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e àti ọjọ́ tẹ́ ẹ dá a padà ò sí nínú owó, ibòmíì wọ́n á ka gbogbo ẹ̀, Friday sí Monday á wá di ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ tún bi wọ́n nípa dìpósíìtì àti owó ìfọ̀. Tẹ́ǹtì tí òjò pa, ẹ má ká a pa mọ́ nínú bọ́ọ̀tù títí di Tuesday o, á hu èèbu, ẹ máa sanwó ẹ̀. A ta tiwa sórí rélì báràǹdà, gbogbo ará ilé wa rò pé a fẹ́ ṣe àríyá.

Ìbéèrè: Kí lèèyàn ò lè háyà?

Gáàsì sítóòfù, sìlíńdà kékeré aláwọ̀ ewé yẹn, ẹ máa rà á ni. Igi ìdáná náà, ẹ rà á níbi tẹ́ ẹ máa ti dá a, ẹ má gbé igi láti Atlanta. Kòkòrò kan tó ń pa igi ash, tí wọ́n rí ní Michigan ní 2002, inú igi ìdáná táwọn èèyàn ń kó kiri ló bá rìn, ó sì ti pa igi tó tó mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀. Láti 2015, igi tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀, tó sì ní àmì lára, nìkan ni wọ́n ń gbà kó wọ Smokies láti ìta.

Mo bẹ̀ yín, tí otútù bá mú yín, ẹ má tan sítóòfù tàbí kí ẹ gbé èédú wọnú tẹ́ǹtì. Èéfín tí kò lóòórùn tó ń pa odindi ìdílé nílé tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́ríídọ̀, òun kan náà ni.

Ìbéèrè: Béárì ńkọ́?

Ó wà. Béárì dúdú tó wà ní Smokies lé ní 1,500. Imú wọn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Oúnjẹ, ìkòkò tẹ́ ẹ fi sè é, kúlà, ọṣẹ ìfọyín, òrí tẹ́ ẹ fi ń para, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò tẹ́ ẹ tì pa tàbí nínú àpótí irin tí wọ́n pèsè, tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán. Ẹ tún ṣọ́ra, òfin yìí yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíì, ní Yosemite ní California wọ́n ò gbà kẹ́ ẹ fi oúnjẹ sínú mọ́tò lóru rárá, torí béárì ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fa ilẹ̀kùn mọ́tò ya. Ẹni tó bá gbé ẹja yíyan dání, ó dọwọ́ ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo wa lè jọ lọ, bíi mẹ́rìnlá báyìí?

Sáìtì kan, ìyẹn àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún tẹ́ǹtì, ò gbà ju èèyàn mẹ́fà lọ ní Smokies, àfi kẹ́ ẹ gba mẹ́ta tàbí kẹ́ ẹ búùkù ti gúrúùpù lórí Recreation.gov, ẹ sì tètè ṣe é. Ẹ ò ní sanwó àbáwọlé, àmọ́ láti March 2023, mọ́tò tẹ́ ẹ bá páàkì ju ìṣẹ́jú 15 lọ níbi tí kì í ṣe sáìtì yín gbọ́dọ̀ ní táàgì, $5 lóòjọ́, $15 lọ́sẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni kẹ́nu dákẹ́, títí di mẹ́fà àárọ̀, torí náà ẹ fi spíkà sílé.

Ìbéèrè: Ìwẹ̀?

Kò sí ṣáwà. Iná mànàmáná náà ò sí ní èyí tó pọ̀ jù nínú sáìtì ibẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ háyà nǹkan tó ń wá pílọ́ọ̀gì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ẹ̀rọ wà. Èmi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti kẹ́tùlù, a gbóná omi lórí sítóòfù, a ń bù ú dà sára díẹ̀ díẹ̀ bíi ti bọ́dìn háòsì. Ọmọ mi kejì ní òun ò wẹ̀, ó sì rùn délé.