Ibi Tí Orúkọ Òrìṣà Wà Lára Ère Khmer

Ẹni tí ó bá wọ yàrá ère àwọn Khmer, ìyẹn àwọn ará Kàǹbódíà, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìbáà jẹ́ ní Phnom Penh ní Kàǹbódíà tàbí ní Musée Guimet ní Paris, yóò rí i pé ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀pọ̀ ère obìnrin kò ju “òrìṣà obìnrin” àti ọ̀rúndún tí wọ́n gbẹ́ ẹ lọ. A mọ ìgbà rẹ̀, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbẹ́ ère náà gan-an ni ó fa èyí.

Ojú kì í sábà sọ orúkọ. Ohun tí òrìṣà mú lọ́wọ́ ni ó ń sọ ọ́: nínú àwọn òrìṣà obìnrin ẹ̀sìn Híńdù, Lakshmi a máa mú òdòdó lotus, tí ó jọ òṣíbàtà, Durga a máa mú ohun ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ́kùúta Khmer fẹ́ràn ère adádúró, èyí tí ènìyàn lè yí po, wọ́n sì máa ń gbẹ́ apá rẹ̀ kúrò lára. Bí irú ère bẹ́ẹ̀ bá ṣubú, apá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó nà síta ni yóò kọ́kọ́ kán, orúkọ a sì bá a lọ. Àléébù ńlá ni kí a fi ohun tí ó ṣe pàtàkì jù sí ibi tí kò lágbára.

Aṣọ kì í tètè kán ní tirẹ̀. Ìró gígùn tí ó dé ọrùn ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ìwọ̀n òkúta ró, ara rẹ̀ sì ni ọjọ́ orí ère wà. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, nígbà tí wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì Baphuon, etí ìró ga lẹ́yìn, ó sì wálẹ̀ níwájú títí ìdodo fi hàn, pẹ̀lú ìṣẹ́po wẹ́wẹ́ láti òkè délẹ̀. Ní tẹ́ńpìlì Angkor Wat, tí ọba Suryavarman II kọ́ ní ọ̀rúndún kejìlá, aṣọ di olódòdó, etí rẹ̀ sì ya síta. Fífi ọnà wé ọnà báyìí ni Philippe Stern, onímọ̀ ará Faransé, lò ní 1927 láti fi hàn pé tẹ́ńpìlì Bayon kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹsàn-án bí wọ́n ti gbà á tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ó yẹ kí ó dópin: pípe gbogbo obìnrin ara ògiri Angkor Wat ní apsara. Àwọn tí ń jó, tí ń fò lójú ọ̀run, ni apsara. Àwọn tí ó dúró jẹ́ẹ́, tí iye wọn lé ní 1,700, devata, ìyẹn òrìṣà obìnrin, ni wọ́n. Wọ́n ti to ògiri tán kí wọ́n tó gbẹ́ wọn, ìdí nìyí tí ìlà ìsopọ̀ òkúta méjì fi ń gba àyà tàbí itan devata kọjá. Ara wọn kọjú sí wa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn yí sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé ìka ẹsẹ̀ tí ó bá kọjú síwájú ní láti yọ síta ju bí ògiri ti gbà lọ. Ògiri yìí kan náà ni ó di apá wọn mú, tí òdòdó fi ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí di òní.

Ẹni tí ó gbọ́n jù ni agbẹ́kùúta tí ó gbé àmì ìdánimọ̀ kúrò lọ́wọ́ lọ sórí. Ère kan láti tẹ́ńpìlì Preah Khan, iṣẹ́ ìgbà ọba Jayavarman VII, wà ní Guimet: obìnrin kan kúnlẹ̀, apá rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n ère kékeré ti Amitabha, ọ̀kan lára àwọn Buddha, ṣì wà níwájú ìdì irun rẹ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ rí tí wọ́n fi ń pè é ní Tara tàbí Prajnaparamita, tí àwọn méjèèjì jẹ́ òrìṣà obìnrin ẹ̀sìn Buddha. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ojú olorì Jayarajadevi ni agbẹ́kùúta náà gbẹ́ síbẹ̀, ojú obìnrin tí ó ti gbé ayé rí, tí ó wolẹ̀, tí ẹ̀rín díẹ̀ wà ní ètè rẹ̀.