Àtàǹpàkò Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ìfábẹ̀lá

Lọ́jọ́ eré ọkọ̀ ọdún Ọ̀kọ̀sí l'Ẹ̀pẹ́, ẹ gbójú kúrò lórí ọ̀sà díẹ̀, kí ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún àwa onífọ́tò tó tò sétí omi. Ìfábẹ̀lá wa wà lórí bọ́tìnnì tí gbogbo ayé fi ń ya fọ́tò. Àtàǹpàkò ńkọ́? Ó ti tẹ bọ́tìnnì mìíràn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà. Òun ló ń wá fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ni pé òun ló ń mú kí ohun tí à ń yà mọ́ kedere. Ti ìfábẹ̀lá ò ju kó ya fọ́tò lọ.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń rò pé ọgbọ́n tuntun ni. Èmi ò gbà. Kámẹ́rà onífíìmù ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń lò. Ọwọ́ òsì ló fi ń yí òrùka ara lẹ́ńsì títí ojú oníbàárà á fi mọ́ kedere, kí ọwọ́ ọ̀tún tó tẹ bọ́tìnnì. Iṣẹ́ méjì, ọwọ́ méjì.

Ẹ̀rọ ló dà wọ́n pọ̀. Ní 1977, Konica gbé C35 AF jáde ní Jàpáàn, kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà. Ní 1985, Minolta 7000 gbé mọ́tò fókọ́ọ̀sì wọnú kámẹ́rà tí à ń pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀. Canon dé ní 1987 pẹ̀lú EOS 650. Inú lẹ́ńsì ni mọ́tò tiẹ̀ wà. Bí ẹrù méjèèjì ṣe bọ́ sórí ìka kan nìyẹn: tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, fókọ́ọ̀sì á wá, tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, fọ́tò á yà.

Ìyẹn dáa fún ìyàwó tó jókòó sórí àga. Ọkọ̀ kì í jókòó. O ti mú atukọ̀ iwájú dáadáa, àjẹ̀ rẹ̀ ń ta omi sókè, ni òpó kan bá dábùú ojú ọ̀nà; lẹ́ńsì á sá tọ òpó lọ. Tó o bá gbé ìka kúrò, bó o ṣe tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó o yà á, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá fókọ́ọ̀sì lákọ̀tun. Mo ti gbé fọ́tò òpó délé rí. Ẹ̀kán omi ara rẹ̀ ṣeé kà. Àwọn atukọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí èéfín.

Ọdún 1989 ni Canon tú ẹrù náà. EOS 630, tí wọ́n ń pè ní EOS 600 níbòmíràn, gbà kí èèyàn yọ fókọ́ọ̀sì kúrò lára bọ́tìnnì iwájú, kó gbé e fún ti ẹ̀yìn. Tí àtàǹpàkò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́ńsì á máa bá ọkọ̀ lọ. Òpó ń bọ̀? Gbé àtàǹpàkò sókè. Lẹ́ńsì á dúró síbi tó dé, ìfábẹ̀lá á sì máa ya tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n inú ètò kámẹ́rà ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Ẹni tó bá wá a ló ń rí i. Nikon fún un ní bọ́tìnnì tirẹ̀, AF-ON, lẹ́yìn F5 ní 1996. Ti Canon ò ní orúkọ yẹn àfi ní 2007, lára EOS-1D Mark III.

Ìyọnu rẹ̀ kan ni pé kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ò ṣeé yá èèyàn. Lọ́jọ́ Ọ̀kọ̀sí kan, mo gbé tèmi fún àbúrò mi pé kó ya èmi náà. Ó tẹ bọ́tìnnì iwájú, ó tún un tẹ̀, ó wá gbé kámẹ́rà padà fún mi.

“Bọ̀dá mi, kámẹ́rà yín ti bàjẹ́ o. Kò rí yín rárá.”