Aidan ti Lindisfarne

Aidan (ó kú ní 31 Oṣù Kẹjọ, 651) jẹ́ ajíhìnrere láti Írẹ́lándì, òun sì ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Lindisfarne, erékùṣù kékeré kan ní etíkun àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bede, mọ́ńkì tó parí ìwé ìtàn ìjọ ní 731, ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀.

Oswald, ọba Northumbria, ìjọba kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fìgbà kan sá àsálà lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Írẹ́lándì, ibẹ̀ ló sì ti ṣèrìbọmi. Nígbà tó gorí oyè, ó ránṣẹ́ sí Iona, ilé àwọn mọ́ńkì tí Columba dá sílẹ̀ ní 563 ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì, pé kí wọ́n fún òun ní bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rán le jù. Ó padà wálé, ó ní olórí kunkun làwọn ènìyàn náà. Aidan wà nípàdé ọjọ́ náà, ó sì sọ fún un pé wàrà ló yẹ kó kọ́kọ́ fún wọn bí ọmọ ọwọ́, kó tó kan oúnjẹ líle. Gbogbo ojú bá yí sí i. Òun gan-an ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ó sì gúnlẹ̀ ní 635.

Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Nígbà tó bá ń wàásù, ọba fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un níwájú àwọn ìjòyè. Ẹni tó yẹ kí wọ́n máa gbẹnu sọ fún ló sọ ara rẹ̀ di agbẹnusọ àlejò, kò sì sí ohun tó fi ìfẹ́ Oswald sí iṣẹ́ náà hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni Aidan fi ń rìn, kó lè máa bá ẹni tó bá pàdé lọ́nà sọ̀rọ̀. Owó tí àwọn ọlọ́rọ̀ bá fún un, tálákà ló ń fún, tàbí kó fi ra ẹrú padà. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú náà lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì di àlùfáà. Ọba Oswin, tó ń jọba ní Deira, apá gúúsù Northumbria, fún un lẹ́ṣin tí yóò máa gùn sọdá odò. Kò pẹ́, Aidan pàdé alágbe kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fa ẹṣin náà lé e lọ́wọ́ tòun ti gbogbo ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Inú bí Oswin. Aidan bi í bóyá ọmọ abo ẹṣin ṣọ̀wọ́n lójú rẹ̀ ju ọmọ Ọlọ́run lọ. Ìgbẹ́ ọdẹ ni ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé, ó ń yáná. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó tú idà rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n pa Oswin ní 20 Oṣù Kẹjọ, 651. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni Aidan kú.

Wọ́n sin ín sí Lindisfarne. Lẹ́yìn ìpàdé ìjọ ní Whitby ní 664, níbi tí àríyànjiyàn lórí ọjọ́ Àjíǹde ti lé àwọn ará Iona kúrò, Colmán, bíṣọ́ọ̀bù Lindisfarne nígbà náà, kó díẹ̀ nínú egungun Aidan lọ. Bede pàápàá kò fara mọ́ bí Aidan ṣe ń ka ọjọ́ Àjíǹde, síbẹ̀ ó yìn ín gidigidi. Àwọn ìjọ Àgùdà, Áńgílíkà àti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní 31 Oṣù Kẹjọ.

Nítòsí Bamburgh, ìlú ọba ní Northumbria, ni Aidan kú sí, lábẹ́ àgọ́ tí wọ́n pa sára ògiri ilé ìjọsìn, níbi tó fara ti òpó kan. Iná jó ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, kò ran òpó yẹn. Àwọn ènìyàn a máa gé èèrún igi rẹ̀ sínú omi fún aláìsàn mu. Igi kan ṣì wà ní àjà ilé ìjọsìn Bamburgh lónìí, tí wọ́n ní òun ni òpó náà.