Kí ni ìtàn ilẹ̀ Gíríìsì ń wá lára ògiri ilé olóko òwú ní Tennessee?

Ìbéèrè: Ilé Andrew Jackson, ẹni tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1829 sí 1837, wà nítòsí Nashville. The Hermitage ni wọ́n ń pè é. Nínú gbọ̀ngán rẹ̀, òkun àti òkè ló yí èèyàn ká, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín àwọn obìnrin tó wọ aṣọ gbọọrọ. Ṣé wọ́n ya àwòrán yìí sára ògiri ni?

Ìdáhùn: Rárá o, bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ Joseph Dufour ní Paris ló ṣe é jáde ní nǹkan bí ọdún 1818. Telemachus ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọmọ Ulysses, akọni inú ìtàn àtẹnudẹ́nu Gíríìsì, tó ń wá bàbá rẹ̀ kiri títí ó fi gúnlẹ̀ sí erékùṣù Calypso, abo òrìṣà kan nínú ìtàn náà.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́?

Ìdáhùn: Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ lẹ ewé bébà mọ́ra wọn kó lè gùn, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú rẹ̀. Pátákó igi tí wọ́n gbẹ́ ló kàn. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ inú ọ̀dà, wọ́n á sì fi lu bébà bí ìgbà tí èèyàn ń lu òǹtẹ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pátákó tirẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì tẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Tí pátákó bá yẹ̀ díẹ̀, ojú èèyàn bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìyẹn! Ti Telemachus nìkan gba pátákó tó lé ní 2,000. Ẹni tó bá sún mọ́ irú bébà yìí dáadáa á rí i pé ọ̀dà náà nípọn, ó ga díẹ̀ lójú bébà.

Ìbéèrè: Bí yàrá ò bá ga tó bébà ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n ti rò ó tẹ́lẹ̀. Sánmà ló pọ̀ lókè àwòrán, òun ni wọ́n máa ń gé.

Ìbéèrè: Kí ló wá gbé Telemachus dé oko òwú?

Ìdáhùn: Àṣà ìgbà náà ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í hú Pompeii, ìlú Róòmù àtijọ́ tí eérú òkè ayọnáyèéfín bò mọ́lẹ̀, jáde ní 1748 ni àwọn olówó Yúróòpù ti ń fẹ́ ohun Gíríìsì àti Róòmù nínú ilé wọn. Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di orílẹ̀-èdè náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí ó wù wọ́n kí ayé rí wọn bí àrólé àwọn ará Róòmù tí kò lọ́ba. Nígbà tí iná jó The Hermitage ní 1834, Telemachus yìí kan náà ni Jackson tún ní kí wọ́n rà.

Èmi ò lè yin ẹwà rẹ̀ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn ẹrú adúláwọ̀ tó lé ní 100 ló ń ṣiṣẹ́ fún Jackson, òwú tí wọ́n ń ká ló ń gbọ́ bùkátà ilé náà. Ọmọ tó ń wá bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́, nígbà tí òfin fún ọ̀gá láyè láti ta ọmọ ẹrú kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé irú bébà yìí ṣì wà?

Ìdáhùn: Ó wà. Iléeṣẹ́ Zuber ní Rixheim, ní ilẹ̀ Faransé, ṣì ń fi àwọn pátákó àtijọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwòrán Àríwá Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 1834 wà ní White House láti 1961. Ara ògiri ilé àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ wó ní Maryland ni wọ́n ti ṣí i.